Owó Ọjọ́ Alẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Nígbà Tí Ọjà Kò Dúró Sójú Kan

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó, ìbéèrè kan náà lẹ ń gbé wá bá mi nípàdé alájẹṣẹ́kù, níbi ìgbéyàwó, àní lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Bàbá, ibo ni ká kówó sí báyìí?" Náírà ń ṣubú, ó tún ń gbérí. Ṣíà ń lọ sókè, ẹ̀rù sì ń bà yín pé kò ní pẹ́ já. Ọ̀wọ́n-gógó ń jẹ èyí tí ẹ fi sí báǹkì. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwa tá a ṣáájú yín náà ò rí ọdún kan tí ọjà dúró dè wá. N kò lè sọ ohun tí ọjà máa dà lọ́dún tó ń bọ̀ fún yín, ẹni tó bá sì ní òun lè sọ ọ́, ẹ jìnnà sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

1. Béèrè ọjọ́ kí o tó béèrè ọjà.

Kí o tó béèrè ibi tí o máa kówó sí, bi ara rẹ léèrè ìgbà tí o máa ná an. Owó ilé ìwé ọmọ tí o máa san ní oṣù Kẹsàn-án kò gbọdọ̀ sún mọ́ ṣíà, bó ti wù kí ṣíà náà dára tó. Owó tí o kò ní fọwọ́ kàn fún ogún ọdún kò gbọdọ̀ máa sùn ní àpò ìfowópamọ́, bó ti wù kí báǹkì náà lágbára tó. Àgbẹ̀ tó kórè iṣu mọ èyí dáadáa: ó ya iṣu jíjẹ sọ́tọ̀, ó ya iṣu títà sọ́tọ̀, ó sì ya èbù sọ́tọ̀, ebi kì í pa á débi tí yóò fi gún èbù níyán.

Pín owó tìrẹ náà bẹ́ẹ̀. Owó oúnjẹ àti ìtọ́jú ara oṣù mẹ́fà, fi í síbi tí ọwọ́ rẹ ti lè tó o lọ́jọ́ tí o bá fẹ́: àpò ìfowópamọ́, tàbí money market fund tí SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó tí o máa ná láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, Treasury Bills àti bọ́ǹdì ìjọba ló tọ́ sí i. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn owó ọjọ́ alẹ́ gan-an, òun ni kó ru ewu ṣíà, nítorí òun nìkan ló ní àkókò láti dúró títí ọjà yóò fi bọ̀ sípò. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ dúró lé.

2. Mọ ohun tó ti jẹ́ tìrẹ.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń wá ibi tí ẹ máa kówó sí, tí ẹ kò sì mọ iye tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì yín, èyí tí à ń pè ní RSA. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004, ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10. Ìdá 18 nìyẹn lóṣooṣù, lórí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ. Ilé iṣẹ́ tí à ń pè ní PFA ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà rà, ṣùgbọ́n owó náà kò sí lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ mìíràn tí à ń pè ní PFC ló ń tọ́jú rẹ̀, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó rántí bí àwọn àgbà ṣe ń tò sóòrùn fún àyẹ̀wò lábẹ́ ètò àtijọ́, tí àwọn mìíràn ń dákú lórí ìlà, á mọ̀ pé ètò yìí sàn ju ti ìṣáájú lọ.

Àmọ́ owó tí agbanisíṣẹ́ kò bá san wọlé, kò sí ẹni tó lè bá ọ tọ́jú rẹ̀. Òfin fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá ti san owó oṣù. Nítorí náà, máa gba ìwé àkọsílẹ̀ RSA rẹ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ, kí o sì fi ìka tọ̀ ọ́: oṣù Kìíní wà, oṣù Kejì wà, oṣù Kẹta kò sí. Olùkọ́ kan ní ilé ìwé aládàáni gbé tirẹ̀ wá bá mi lọ́dún kan. Ọdún kan tó kù díẹ̀ ló ṣófo, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń yọ ìdá 8 lára owó oṣù rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Lẹ́tà ló kọ, kò pariwo. Ó kọ̀wé sí ilé ìwé náà, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí PFA rẹ̀, ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan pẹ̀lú déètì àti òǹtẹ̀ ẹni tó gbà á. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó bá fi owó náà falẹ̀ gbọ́dọ̀ san ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú 100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, àpò RSA òṣìṣẹ́ ni ìtanràn náà sì máa wọ̀.

3. Ka yúníìtì, má ka náírà nìkan.

Nǹkan méjì ló wà nínú ìwé RSA yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò: iye yúníìtì, ìyẹn ìpín tí owó rẹ ń rà, tí o ní, àti iye tí yúníìtì kan jẹ́ lónìí. Ká ní 50,000 náírà ló ń wọlé fún ọ lóṣù, tí yúníìtì kan sì jẹ́ náírà 10. Yúníìtì 5,000 lo rà. Bí ọjà bá já tí yúníìtì di náírà 8, owó kan náà á ra 6,250. Lọ́jọ́ tí yúníìtì bá padà sí náírà 10, 50,000 tí o fi rà á lóṣù yẹn ti di 62,500. Ọjà tó já ṣe ọ́ lóore nìyẹn. Ẹni tó ṣì ní ọgbọ̀n ọdún tó máa fi ṣiṣẹ́, rírà ló ń rà. Kò yẹ kó máa sunkún nígbà tí ohun tó ń rà bá dínwó.

Ẹ wá wo ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Òun kò rà mọ́, títà ló ń tà. Kó tó lè rí 50,000 gbà lóṣù nígbà tí yúníìtì jẹ́ náírà 10, ó ní láti ta 5,000. Bó bá di náírà 8, ó ní láti ta 6,250, èyí tó bá sì ti tà kò ní sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ọjà bá gbérí. Ọjà kan náà, lọ́dún kan náà, ṣe ọmọ láǹfààní, ó sì pa bàbá rẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ń fi ìbẹ̀rù bàbá rẹ̀ ṣe ìpinnu, tàbí tí bàbá ń fi ìgboyà ọmọ rẹ̀ ṣe tirẹ̀.

4. Yan Fund tó bá ọjọ́ orí rẹ mu, kí o sì dúró síbẹ̀.

Láti oṣù Keje ọdún 2018, wọn kò da owó gbogbo òṣìṣẹ́ pọ̀ sójú kan mọ́. Wọ́n pín in sí àpò tí à ń pè ní Fund. Fund I ló ń gba ṣíà jù, Fund II tẹ̀ lé e, Fund III dín sí i, Fund IV sì jẹ́ ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ǹdì ìjọba sì pọ̀ nínú rẹ̀. Fund VI wà fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti jẹ èlé. Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún tí kò sì sọ nǹkan kan, Fund II ni wọ́n ń fi í sí. Tó bá pé 50, wọ́n á gbé e lọ sí Fund III. Fund I kì í ṣàdéédé jẹ́ tìrẹ. Àfi kí o buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ẹni tó bá sì ti pé 50 kò lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Lójú tèmi, ẹni ọdún 25 sí 35 tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó sì ti tọ́jú owó oṣù mẹ́fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, yẹ kó béèrè fún Fund I. Ẹni 45, kó jókòó sí Fund II. Ẹni tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mì, kó má tẹ̀ lé èyí, kó fi ọkàn balẹ̀ síbi tó wà. Ohun tó ń ba owó jẹ́ jù ni kéèyàn sá kúrò nínú Fund I lọ́sẹ̀ tí ọjà já, kó tún sáré padà wá lẹ́yìn tí ọjà ti gbérí. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020, o lè yí PFA padà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó o bá fẹ́ fi wọ́n wéra, Fund kan náà ni kí o fi wé Fund kan náà, kí o sì wo ọdún márùn-ún, má wo ọdún kan.

5. Ọ̀wọ́n-gógó ni kí o bẹ̀rù jù.

Nígbà tí ọjà bá ń mì, ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn èèyàn ni pé kó kó gbogbo owó sí báǹkì, kó fi ọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, kéde pé ọ̀wọ́n-gógó ti dé ìdá 34.80 nínú 100. Ìyẹn ni pé ẹrù ọjà tó jẹ́ 100,000 náírà lóṣù Kejìlá ọdún 2023 ti di 134,800. Ká ní o kò tilẹ̀ fi 100,000 rẹ sí báǹkì, ìjọba lo fi yá ní èlé ìdá 20, tí ìjọba sì san án pé pérépéré. 120,000 ló bọ́ sí ọ lọ́wọ́. O dúpẹ́, o rẹ́rìn-ín, o gbé e lọ sọ́jà, ó wá ku 14,800 kí o tó lè ra ohun tí ìbá ti jẹ́ tìrẹ lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó jà ọ́ lólè, síbẹ̀ apá kan owó rẹ ti lọ.

Lóṣù Kìíní ọdún 2025, NBS yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà, ìdá náà sì di 24.48. Ẹ má rò pé àwọn aláta ọjà Bódìjà ló dín owó kù. Iye tí nǹkan ń fi wọ́n sí i ni ìdá yẹn ń sọ. Bó bá tilẹ̀ wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé iye tó ti gorí nǹkan máa padà sílẹ̀. Ìdá 15 péré lọ́dún, tí à bá pè ní ìròrùn, á sọ iye nǹkan di ìlọ́po méjì láàárín ọdún márùn-ún. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ohun tó jẹ́ 1,000 náírà á lé ní 16,000.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ ọ̀dọ́ láti ní ṣíà nínú owó ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí ọjà máa mì tó. Iye èlé tí wọ́n kọ sórí bọ́ǹdì lọ́jọ́ tí o rà á náà ni wọ́n á máa san fún ọ títí yóò fi parí. Ilé iṣẹ́ tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ìyẹ̀fun tàbí ọṣẹ lè fowó lé ọjà rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá wọ́n, èrè rẹ̀ á sì máa lépa ọ̀wọ́n-gógó. Kì í bá a lọ́dọọdún. Ní ogún ọdún, ìrètí pé yóò bá a pọ̀ ju ti owó tó jókòó sí àpò ìfowópamọ́ lọ.

6. Gbọ́ ìtàn ọdún 2008 kí o tó ra ṣíà fúnra rẹ.

Lóṣù Keje ọdún 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà náà ní kí owó ìpìlẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 ló di 25. Láti rí owó yẹn kó jọ, wọ́n ké sí gbogbo èèyàn wá ra ṣíà, ariwo náà kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí gbèdéke kọjá. Mo rántí Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn lásìkò yẹn: tábìlì àti agbòòrùn níwájú báǹkì, fọ́ọ̀mù tò lọ rẹrẹ, ọmọbìnrin kan á fi bíírò tọ́ka sí ibi tí wàá buwọ́ lù kí o tó ka ìlà kìíní tán. Alágbàfọ̀, olùkọ́, awakọ̀, gbogbo wọn ló mọ iye tí ṣíà pa lóṣù tó kọjá. Ìwọ̀nba ló mọ ohun tí báǹkì náà ń fi owó wọn ṣe.

Lóṣù Kẹta ọdún 2008, ìwọ̀n ọjà ṣíà ní Èkó lé ní 66,000. Kí ọdún 2009 tó parí, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,800. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2009 náà ni Sanusi Lamido Sanusi, tó ti di gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2011, ìjọba gba báǹkì mẹ́ta. Àwọn tó ní ṣíà nínú wọn kò rí nǹkan kan mú. Ọdún 2023 ni ìwọ̀n ọjà tó tún kọjá ibi tó dé ní 2008. Ọdún 15! Dọ́là kan kò tó 120 náírà nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í já; nígbà tí ọjà padà síbẹ̀, dọ́là ti kọjá 700.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló dúró fún ọdún 15 lásán. Ìyá kan tí mo mọ̀ ń tọ́jú ìwé ṣíà rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tá a jọ tú u, a rí ìwé báǹkì kan tí kò sí mọ́, a rí ìwé mìíràn tí ilé iṣẹ́ náà ti pa orúkọ dà, a sì rí ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan tó ń pín èrè fún àwọn tó ní ṣíà rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá kò rí èrè náà gbà rárá nítorí kò kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń san án sínú báǹkì. Lẹ́yìn tó kún un, ìwé kẹta yẹn nìkan ló gbé e dúró. Ká ní báǹkì àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló fi gbogbo owó rẹ̀ rà ńkọ́?

Ẹni tó dá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù la àárín ọdún wọ̀nyẹn kọjá, ó ra díẹ̀ nígbà tí ọjà wà lókè, ó sì ra púpọ̀ nígbà tó wà nílẹ̀. Ẹni tó pàdánù jù ni ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, sínú báǹkì kan ṣoṣo.

Irú ìpè yẹn tún ti dún. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, báǹkì àpapọ̀ ní kí báǹkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500 náírà, ó sì fún wọn di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2026. Fọ́ọ̀mù jáde, orí fóònù ló wà lọ́tẹ̀ yìí. N kò ní kí o má rà. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọjọ́ alẹ́ rẹ lọ, kí gbogbo rẹ̀ má sì jẹ́ báǹkì. Bó ò bá ráyè ka ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́, ra mutual fund tó ń kó ṣíà oríṣiríṣi pọ̀, kó o sì máa rà á lóṣooṣù.

7. Má yá owó ra ṣíà.

Nígbà ariwo ṣíà tí mo sọ lókè yẹn, àwọn báǹkì kan ń yá oníbàárà lówó kó fi ra ṣíà, ṣíà náà ni wọ́n sì gbà gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Ọjà já, ṣíà lọ, gbèsè jókòó.

8. Ẹni tó bá dárúkọ èrè kó tó dárúkọ òwò, fi í sílẹ̀.

Ètò kan tí à ń pè ní MMM wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, ó ní òun á fi ìdá 30 lé owó rẹ lóṣù kan. Bí o bá fi 100,000 síbẹ̀ tí o kò yọ kọ́bọ̀, á lé ní mílíọ̀nù 2.3 lẹ́yìn ọdún kan. Kò sí kòkó, kò sí epo rọ̀bì, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń pa bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí àwọn èèyàn ń retí owó Kérésì, wọ́n dì í pa. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ó kan ètò mìíràn, CBEX, tó ṣèlérí ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Inú bí àwọn tó fowó síbẹ̀ débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn nílùú Ìbàdàn, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí kó.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé owó ìfẹ̀yìntì máa ń wà nínú ohun tó rì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba gba owó rẹ̀ lódidi lọ́jọ́ Ajé, ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ inú ìjọ mú un lọ síbi ètò kan lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi "èmi náà ti gbà rí" tàn yín. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Pé ó ti gbà rí kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Wo orúkọ wọn lórí ìkànnì àjọ SEC fúnra rẹ, má gba àwòrán ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù.

Bó bá jẹ́ báǹkì gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́, mọ̀ pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ NDIC ń dúró fún owó oníbàárà báǹkì ńlá kọ̀ọ̀kan títí dé mílíọ̀nù 5 náírà. Kí ó tó dìgbà náà, 500,000 péré ni. Owó tó bá ju mílíọ̀nù 5 lọ, pín in sí báǹkì méjì.

9. Ilé àti ilẹ̀ dára, wọn kò tó nìkan.

Kò sí Yorùbá tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ilé, èmi náà wà lára wọn. Ẹni tó fẹ̀yìn tì tí kò san owó ilé ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó ńlá. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó kọ́ ilé ńlá sílùú wọn, tí wọ́n ń tọrọ owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ilé náà. A kì í gé yàrá kan lára ilé lọ ra oògùn. Ilé tí o fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, ṣírò òrùlé, kànga, owó agbẹjọ́rò, àti oṣù tí ilé máa ṣófo, kí o tó pe èyí tó kù ní èrè. Ní ti ilẹ̀, láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, rísíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Mú ìwé àwòrán ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kí o tó sanwó. Bó bá jẹ́ pé tipátipá ni ilẹ̀ náà fi máa tà lọ́dún tí o bá nílò owó, má kà á mọ́ owó ọjọ́ alẹ́.

10. Dọ́là, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun.

Lóṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là kan sún mọ́ 1,900 náírà lọ́wọ́ àwọn Máláàmù tó ń ṣẹ́ ẹ. Àwọn kan tú owó ìfẹ̀yìntì wọn palẹ̀ lọ rà á lásìkò yẹn. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,100. Ó padà gòkè lẹ́yìn náà, àmọ́ ta ni ọkàn rẹ̀ lè gba irú ìyẹn? Bó o bá fẹ́ ní dọ́là, máa ra díẹ̀díẹ̀, kí o sì wá ibi tó ti ń pa èrè fún un. Dọ́là tó wà lábẹ́ pílò náà ń jẹ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 8 ni iye tó kéré jù tó ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá 3 lára rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ń yọ ara wọn kúrò nínú ètò náà kí wọ́n lè fi owó náà kọ́lé sílé. Owó agbanisíṣẹ́ yẹn lẹ ń dá padà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

11. Ẹni tí kò ní ọ̀gá náà ń darúgbó.

Télọ̀, mẹ́káníìkì, ìyá aláta, ẹ̀yin ni òṣìṣẹ́, ẹ̀yin náà ni ọ̀gá ara yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa dá ìdá 10 fún yín. Àjọ dára, alájọ tó ṣeé fọkàn tán sì ń ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n àjọ kì í lé: iye tí o dá ni wàá kó, òmíràn tún dín ní ti ọjọ́ kan. Lóṣù Kẹta ọdún 2019 ni wọ́n gbé ètò ìfẹ̀yìntì kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdá 40 nínú ohun tí o bá dá ni o lè yọ fún ìnáwó pàjáwìrì, ìdá 60 á dúró de ọjọ́ alẹ́. Láti ọdún 2017 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta Savings Bond, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta. 5,000 náírà péré lo nílò láti ra èyí tó kéré jù, èlé rẹ̀ sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá ń kó àjọ lóṣooṣù lè máa fi ìdajì rà á.

12. Múra ọjọ́ ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ kó tó dé.

Lọ́jọ́ náà, wọn kò ní kó gbogbo owó lé ọ lọ́wọ́. Wọ́n á fún ọ ní apá kan lódidi, wọ́n á sì fi èyí tó kù sílẹ̀ débi tí yóò fi lè san owó oṣooṣù fún ọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kí owó wà lọ́dọ̀ PFA kí wọ́n máa yọ ọ́ fún ọ. Bí o bá kú, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ, ṣùgbọ́n ó lè tán lójú rẹ. Èkejì, kí o gbé e fún ilé iṣẹ́ adójútòfò, kí wọ́n máa san án títí o fi máa kú. Ìyẹn ni ànúítì. Kò lè tán, àmọ́ bí o bá pẹ́ kọjá ọdún mẹ́wàá, kò sí ohun tí àwọn ọmọ máa bá níbẹ̀, iye tí wọ́n kọ fún ọ lọ́jọ́ kìíní sì ni ọ̀wọ́n-gógó á máa gé jẹ. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ pẹ́ láyé, tí kò sì ní ohun mìíràn tó ń mówó wọlé, mo lè gbà á níyànjú láti gba ànúítì. Àwọn yòókù, èkíní ni mo fara mọ́, pàápàá ní irú àkókò yìí tí owó tí kì í lé ti ń yára di kékeré.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Orúkọ ìbátan tí o kọ sórí fọ́ọ̀mù RSA nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kò tó fún wọn láti san owó náà bí o bá kú. Ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ opó rẹ, èyí sì ń gba oṣù, ó tún ń gba owó. Lọ kọ ìwé ìhágún rẹ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò nígbà tí ara ṣì le. Bó bá sì jẹ́ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù náà, tí ìwọ ti láya tàbí lọ́kọ, tí o ti bí mẹ́ta, mú ìwé ìgbéyàwó rẹ lọ bá PFA lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yí i padà.